Ìwọ Tí O Ń Tẹ Ọjọ́, Tẹ Ọjọ́ Kan fún Wa

Ilé Ládòkun,
Ṣakí.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1979.

Láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́lá Jùlọ, Alàgbà Ràmọ́nì Ládòkun, Balógun Àdínnì ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa, Alága Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Oníṣu, Olórí Ìjọba Ilé Ládòkun àti Ọ̀gá Pátápátá fún gbogbo ohun tó ń mí nínú rẹ̀, tó fi mọ́ ewúrẹ́ àti pẹ́pẹ́yẹ.

Sí Mùílì, àkọ́bí mi, ní Muṣin, l'Ékòó.

Mùílì ọmọ mi, àsàláàmù aléékùm. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, dìde kí o dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí èmi bàbá rẹ ni mo ń sọ̀rọ̀. Bí o bá ti dọ̀bálẹ̀ tán, dìde kí o tún jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí o ń ṣe, ẹ̀rọ kò ní gé ọ níka. Èèyàn burúkú kò ní mọ ilé rẹ, èèyàn rere kò ní ṣì í. Ṣe àmín kí o tó kà á síwájú.

Gbogbo wa wà. Ìyá rẹ Sàrátù wà, àfi orúnkún rẹ̀ ọ̀tún tó máa ń bá a jiyàn bó bá ti fẹ́ dìde. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, iṣu ta, ọkà bàbà náà ń ṣe dáadáa, ewúrẹ́ funfun ti bí ìbejì. Àwáwù àbúrò rẹ wà, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ga, ó gbọ́n, ó sì lẹ́wà, kò sí ọmọ tó gbọ́ràn bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ṣakí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé àti òun ti kí ara wọn pé ó dìgbóṣe. Òun ni ó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, èmi ń sọ, òun ń kọ.

Ìdí pàtàkì tí mo fi ń kọ̀wé ni àwọn ṣọ́jà. Rédíò Sàlàkọ́ ọ̀rẹ́ mi ti sọ ọ́ títí ó ti sú u, ní èdè Yorùbá àti ní èdè òyìnbó, pé tó bá di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá tó ń bọ̀ yìí, àwọn ṣọ́jà yóò gbé ìjọba fún alágbádá, wọn yóò sì padà sí bárékè. Mo ní Sàlàkọ́, ṣé o gbọ́, àwọn ṣọ́jà ń lọ sílé. Sàlàkọ́ ní bárékè ni wọ́n sọ, wọn ò sọ ilé. Mo ní níbo ni ṣọ́jà ń sùn? Ó ní bárékè. Mo ní ta ló ń dúró dè é níbẹ̀? Ó ní ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ní kí ló wá ń jẹ́ ilé? Sàlàkọ́ yí rédíò rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin.

Mùílì, láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 1966 ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ti kúrò nílé. Ọdún mẹ́tàlá ó lé rèé. Wọ́n jagun, wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn pọ̀ ju tìrẹ lọ, síbẹ̀ wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò padà, wọ́n sì fi rédíò kéde rẹ̀ kí ìyá kálukú lè tètè bẹ iṣu. Ìwọ ńkọ́?

Mo rántí ọjọ́ tí o lọ dáadáa, nítorí ọjọ́ náà ni gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ tí wọ́n bọ́ sí ọ̀tún, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àìkú ni. Mo ní kí o dúró díẹ̀ kí ojú àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ mọ́ ọ̀nà, o ní rárá, ọ̀gá rẹ ń retí rẹ. Bọ̀lẹ̀kájà tó gbé ọ gba apá ọ̀tún lọ, èmi àti ìyá rẹ dúró létí títì, à ń wo eruku rẹ̀. Ohun kan wà tí mo ti ń rò láti ìgbà náà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà wá sílé wa láti ìgbà tí mo ti mọ ọkọ̀. Tí wọ́n bá wá ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọ̀tún, ṣé kì í ṣe pé ọ̀nà àlọ ni wọ́n ṣí, tí wọ́n ti ọ̀nà àbọ̀ pa? Nígbà tí mo lọ ra aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, mo bi dẹ́rẹ́bà kan ní gáréèjì. Ó ní Bàbá, béèyàn bá kọjú sí Ṣakí, ọ̀tún náà ni yóò máa gbà bọ̀. Mo ní kó kọjú sí Ṣakí kí n rí i. Ó kọjú sí Ṣakí. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nítorí náà ọ̀nà wà, Mùílì. Mo ti bá ọ wò ó.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o padà wá, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ọjọ́ tí náírà àti kọ́bọ̀ dé tí wọ́n ní kí pọ́n-ùn àti ṣílè máa lọ. O kó kọ́bọ̀ tuntun wá, o pín in fún àwọn ọmọdé, o sùn ẹ̀ẹ̀mejì, o lọ. Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, o kò dúró. Ìyá rẹ kò ná kọ́bọ̀ tí o fún un. Ó ní òun ń dúró kó gbó díẹ̀.

Èyí tó kàn yìí, má ṣe kà á sókè. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 1973 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèyàn ní gbogbo Nàìjíríà. Tíṣà Àríyọ̀ ni wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù àdúgbò wa. Ó jókòó sórí àpótí ìyá rẹ, ó ní ẹni tí òun bá fojú rí nìkan ni òun máa kọ sílẹ̀. Ó kọ mí, ó kọ ìyá rẹ, ó kọ Àwáwù, ó ní ṣé ó tán? Ẹnu mi ní rárá, ó ku Mùílì. Ó ní Mùílì dà? Mo ní ó lọ sóko, ó ń bọ̀ báyìí.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ purọ́ fún ìjọba. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ka gbogbo ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n máa wá kọ ọ́ sínú ìwé pé Ràmọ́nì Ládòkun kò bí ọkùnrin? Tíṣà ní òun á dúró. Ni ìyá rẹ bá wọlé, ó gbé oúnjẹ rẹ síta, ó fi igbá dé e, ó gbé omi ìfọwọ́ tì í, kó lè jọ òótọ́. A dúró. Tíṣà mu ẹ̀kọ, ó na ẹsẹ̀, oòrùn yí. Nígbà tó yá, èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà oko. Mo gbàgbé pé irọ́ ni mo pa. Ìyá rẹ náà ń wò ó. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún lẹ́yìn ilé, àwa méjèèjì á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jọ pé Tíṣà rí ojú wa, nítorí kò bi wá ní nǹkan kan mọ́, ó kàn tẹrí ba, ó kọ ọ́ pé Mùílì, ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, àgbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Tútù la jẹ oúnjẹ náà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní 1975, ìjọba mìíràn dé, wọ́n sọ lórí rédíò pé àwọn fagi lé ìkànìyàn náà pátápátá. Mo mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti wá ọ lọ sóko, wọn ò bá ọ. Gbogbo Nàìjíríà, àti Haúsá, àti Ìbò, àti Tápà, gbogbo wọn ni wọ́n kà lásán nítorí tìrẹ. Sàlàkọ́ ń ṣépè káàkiri pé ta ló purọ́ tí wọ́n fi fi ọjọ́ òun ṣòfò. Mo ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Bí o bá wá jókòó sílé díẹ̀, kí wọ́n tún wá kà, mi ò ní purọ́ mọ́ láéláé.

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ńkọ́? Ọjọ́ náà ni wọ́n ní a kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn mọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wá. Mo jáde wo ilé, ó wà níbi tó wà. Mo lọ wo òkúta ààlà oko mi, kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ kò dé ní gbogbo ọdún yẹn, mo sì gbà pé Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ló gbé e lọ, tí kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sọ fún akọ̀wé pé ibi tí a wà náà la wà, ìjọba ló ṣí. Ó ní òun gbọ́. Ọjọ́ kan náà yẹn ni wọ́n tún ní àwọn máa gbé olú-ìlú kúrò l'Ékòó lọ sí Àbújá. Ìyá rẹ ní tí wọ́n bá fẹ́ gbé Èkó, ṣé wọ́n á kọ́kọ́ ní kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ó ti kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e, tètè sọ̀kalẹ̀ kí o yà sílé, nítorí ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ gan-an a ò rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa retí ẹni tó ń ti Àbújá bọ̀.

Mo ti bú àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n lọ sí òṣùpá rí, mo ní kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Mo ti dárí jì wọ́n. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje ọdún 1969 ni wọ́n gbéra, ogúnjọ́ oṣù ni wọ́n fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n ti dé. N kò mọ̀ pé Muṣin jìnnà ju òṣùpá lọ.

Bí o bá ń ṣe kàyéfì ibi tí mo ti mọ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ rẹ ni. Gbogbo oṣù kejìlá ni o máa ń fi kàlẹ́ńdà tí ẹ tẹ̀ rán dẹ́rẹ́bà sí wa. Mẹ́fà ló wà lára ògiri báyìí, n kò já èyíkéyìí, Tíṣà Àríyọ̀ sì máa ń bá wa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Mo ti jókòó wò wọ́n fínnífínní, mo sì ti mọ àṣírí iṣẹ́ yín. Ọjọ́ tí ẹ bá fi dúdú tẹ̀, ohun tó bá wu kálukú ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fi pupa tẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn: báǹkì á tì, ilé ìwé á tì, ìjọba fúnra rẹ̀ á gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá yìí, pupa ni lára kàlẹ́ńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí ni ṣọ́jà fẹ́ ṣe sí i?

Nítorí náà, Mùílì, ìwọ tí o ń tẹ ọjọ́, bá mi bẹ ọ̀gá rẹ kó tẹ ọjọ́ kan ní pupa fún wa, kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Mùílì Ládòkun ń bọ̀ nílé. Kì í ṣe ọjọ́ ńlá ni mo ń tọrọ. Kó má fọwọ́ kan Iléyá, kó má fọwọ́ kan Kérésì àwọn oníkérésì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ẹnikẹ́ni kò lò, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, ó tó wa. Bí tàdáwà pupa bá wọ́n, kó fi dúdú tẹ̀ ẹ́, a ó fi epo kùn ún níbí.

Nípa ti owó, bàbá kì í kọ̀wé sọ́mọ kó má béèrè owó, kí wọ́n má baà rò pé ara rẹ̀ ò yá, nítorí náà mo béèrè. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, fi owó páànù mẹ́ta ránṣẹ́. Fi ti òògùn orúnkún ìyá rẹ kún un. Ṣùgbọ́n bí o bá wo àpò rẹ tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ nìkan ló tó, má fi ránṣẹ́ rárá. Wọ ọkọ̀ náà. Òrùlé yìí ti ń jò láti ọdún mẹ́ta, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ fúyẹ́ lọ́jọ́ tí o bá gbé e. O kò ní fẹsẹ̀ kọ. Ilé tí o ti jáde kò ní dí mọ́ ọ lójú. Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nì Ládòkun.

Bùọ̀dá mi, ẹ má tíì ká lẹ́tà náà. Kì í ṣe Bàbá ló kọ ọ́, wọn kò sì sọ ọ́ kí n kọ ọ́. Èmi Àwáwù ni. Ọ̀rọ̀ ìkànìyàn yẹn, òótọ́ ni, ó ṣojú mi, mo wà lára àwọn tó jẹ oúnjẹ yín. Èyí tó kù, bí Bàbá ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni mo fi sọ ọ́, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín kà á dópin, nítorí mo ti fi orúkọ ara mi kọ lẹ́tà mẹ́ta sí yín, ẹ kò fèsì kankan. Bàbá kò ní kọ̀wé. Bí wọ́n bá dárúkọ yín, wọ́n á ní Mùílì mọ ọ̀nà, wọ́n á sì dìde kúrò níbẹ̀.

Kò sí ẹni tí n kò lè sín jẹ nínú agboolé yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní Àwáwù, sọ̀rọ̀ bíi Mùílì kí n gbọ́. Mo la ẹnu. Ohùn yín kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ohùn yín kẹ́yìn. Mo wá ohùn ọkùnrin kan ṣáá, mo ní Màámi, ẹ kú ilé o. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní lọ jókòó jàre, ìyẹn kọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n tún pè mí. Wọ́n ní àbí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń sọ ọ́?

Wọ́n ń dúró kí n dá wọn lóhùn, Bùọ̀dá mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí wọn fúnra yín.

Èmi àbúrò yín,
Àwáwù.