Ìran Tí Mi Ò Rí Ló Gbé Wa Dé Òkókómáíkò

Irọ́ ni mo pa o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ báyìí kí n tó máa ṣàlàyé, torí mo mọ ara mi, tí mo bá kọ́kọ́ ṣàlàyé, màá ti wẹ ara mi mọ́ tónítóní kí n tó dé ibi irọ́ náà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pa á, pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn mi, Ẹ̀mí Mímọ́ ni mo sì fi bò ó. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, àwọn ará ìjọ wa wà lórí page yìí, mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń kọ "Ọlọ́run á ṣàánú" sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì... èmi náà máa ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀ yìí, níwájú gbogbo ìjọ, mi ò sì mọ èyí tí màá sọ.

Ṣàgámù la ti kó wá. Èmi, ọkọ mi, àti ọmọ wa méjì, Tóyìn ọmọ ọdún méje àti Ayọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ wọn gan-an nìyẹn. Fíríìjì ni ọkọ mi ń tún ṣe, ọ̀gá kan ní Àlàbá ló ní kó wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Èmi, aránṣọ ni mí, sùtánà ni mo ń rán jù. Ìṣòro wa kò ju ibo la máa gbé lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí la máa ń pè wọ́n, kọ́ ilé sí Ìbà, ní ojú pópó kan tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ẹ ó máa gbọ́ ohùn adìẹ lọ́sàn-án gangan, àwọn olùkọ́ yunifásítì ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ká wá máa gbé yàrá àti pálọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ọkọ mi ti gbà, ó ti ń dúpẹ́. Èmi ni mi ò fẹ́. Ẹ má tíì bú mi... nígbà tí mo bí Tóyìn, oṣù mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ Àǹtí. Wọn ò nà mí, wọn ò bú mi rí. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Wọ́n á ṣí ìkòkò mi wò, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà wo bí mo ṣe ń wẹ ọmọ, wọ́n á rọra tún gbogbo ohun tí mo bá ṣe ṣe. Mo búra pé mi ò tún ní gbé abẹ́ ojú yẹn láyé mi. Ìgbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní lẹ́yìn ìyá òun, Àǹtí ló kàn, pé ẹnu wo ni kí òun fi sọ pé ìyàwó òun kò fẹ́ wọn?

Ni mo bá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo wá sí Èkó láì jẹ́ kó mọ̀. Mo ní òwú ni mo fẹ́ lọ rà. Iléèwé ti gba ọludé, mo mú Tóyìn dání. Agent kan mú wa lọ sí Òkókómáíkò, fúláàtì oníyàrá méjì, kíṣìnì tèmi nìkan, kànga wà níwájú, géètì búlúù, igi àgbọn kan sì tẹ̀ sórí ògiri bí ẹni tó ń yọjú wo ojú pópó. Inú mi dùn débi tí mo fọwọ́ kan sínkì. Mo rí àpá àdá mẹ́ta lára géètì yẹn o. Mo bi agent, ó ní ẹni tó gé okùn ni ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Ìyá alákàrà tó wà níta bi mí bóyá mo ní ọmọ, mo ní méjì, wọ́n wo Tóyìn, wọ́n mi orí, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí ìyẹn náà. Ilẹ̀kùn kíṣìnì ni mo ń rò. Nígbà tí à ń padà lọ, mo ra bisikíìtì fún Tóyìn, mo ní kó má sọ fún dádì pé a lọ wo ilé kankan. Ọmọ náà ní òun ò ní sọ.

Ẹ gbọ́ o, aríran ni mí lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìran mi máa ń ṣẹ, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Nínú ìjọ wa, tí Ẹ̀mí bá gbé èèyàn, akọ̀wé á jókòó tì í, á máa kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé, ohun tó bá sì ti wọ inú ìwé yẹn, kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn. Ọjọ́ Friday ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ṣubú. Mo mọ bí a ṣe ń ṣubú, ara mi ti mọ́ ọn, èjìká òsì ló máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Mo ní mo rí géètì búlúù, kànga, igi àgbọn tó tẹ̀ sórí ògiri, mo ní Olúwa ní ibẹ̀ ni òun ti pèsè ibùgbé fún ìránṣẹ́ òun. Mo wá fi gbólóhùn kan tì í, kí ọkọ mi má baà lè jà á níyàn. Mo ní bí wọ́n bá gbé ibòmíì, igbe ọmọ ni wọ́n máa gbọ́.

Akọ̀wé kọ ọ́. Ọkọ mi dà á kọ sórí pépà, ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀. Mo ti bá agent sọ̀rọ̀, ilé méjì tí kò dáa ló kọ́kọ́ mú ọkọ mi lọ wò kó tó mú un dé ibi géètì búlúù. Bí ọkọ mi ṣe rí igi àgbọn yẹn, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó sunkún. Agent wo mí. Èmi wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo jayé. Mò ń kọrin nínú kíṣìnì mi. Kò sí ẹni tó ṣí ìkòkò mi wò. Àṣé ojú pópó wa ni ààlà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìta kan wà lápá ọ̀hún, ẹgbẹ́ kejì wà lápá ìhín, bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n jà, iwájú ilé wa ni wọ́n ń pàdé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Àwa tá a fi ìran wálé nìkan la ò mọ̀.

Ọjọ́ Saturday ni, aago méjì ọ̀sán, oòrùn ń ta ganrínganrín. Mo wà nídìí máṣíìnì, Tóyìn ń fọ abọ́ níbi kànga, Ayọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kàn gbọ́ ẹsẹ̀ eré. Ọmọkùnrin kan fo géètì wọlé, kò lè ju ogún ọdún lọ, kò wọ bàtà, ẹ̀jẹ̀ ti bo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn mẹ́rin fò tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdá àti àáké. Ó sáré kiri ọgbà, kò rí ọ̀nà, ló bá gbá ọmọ mi mú, ó di èjìká Tóyìn méjèèjì mú, ó gbé e síwájú, ó fi í ṣe apata. Wọn ò tiẹ̀ dúró o! Wọ́n ń ṣá a ládàá lókè orí ọmọ mi. Mò ń pariwo, mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn. Wọ́n ṣá ọwọ́ tó fi di Tóyìn mú, ìka rẹ̀ méjì já sínú omi tí Tóyìn fi ń fọ abọ́. Wọ́n wọ́ ọmọkùnrin náà lọ sídìí igi àgbọn, wọ́n sì pa á síbẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn fọ́ ìgò mọ́ ògiri kànga bó ṣe ń jáde, kò nídìí, ìbínú lásán ni, àfọ́kù rẹ̀ wọ ojú òsì Ayọ̀. Ẹyẹ tó wà lórí igi fò lọ nígbà tí Ayọ̀ kígbe. Dókítà ní ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ojú yẹn á máa rí.

Tóyìn kò sunkún. Ó dúró sójú kan pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́ títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo rò pé ọjọ́ yẹn náà la máa kó. Àǹtí fúnra wọn wá láti Ìbà láì wé gèlè, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rọ aṣọ àwọn ọmọ sínú báàgì, wọn ò bá mi wí pẹ́nrẹ́n, wọ́n dì mọ́ mi. Ojú tí mo sá fún... Ọkọ mi gba báàgì lọ́wọ́ wọn, ó tú aṣọ jáde. Ó mú pépà jáde nínú Bíbélì. Ó ní bí igbe ọmọ bá lè dé báyìí níbi tí Olúwa ní ká wà, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ níbòmíì? Pé ikú ni ìbá jẹ́, Ọlọ́run ló fi ojú kan gba ẹ̀mí ọmọ. Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yin ẹ bá mi wò ó, kí ni mo lè sọ? Mo ní bóyá ká kó ṣá, ó gbá mi létí. Kò fọwọ́ kàn mí rí láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra. Ó bẹ̀ mí lẹ́yìn náà, ó ní èṣù ló fẹ́ gba ẹnu mi sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi kì í pa adìẹ Kérésìmesì tẹ́lẹ̀, ó máa ń bẹ aládùúgbò ni. Ní báyìí àdá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, láràárọ̀ ló ń pọ́n ọn kó tó lọ sí Àlàbá. Ó ti bá àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò dára pọ̀, ó ní ogun ẹ̀mí ni, ilẹ̀ ìlérí la wà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n mú ọmọkùnrin kan lọ́sàn-án tó ń wo ilé kiri, wọ́n ní amí ni. Irin tí ọkọ mi fi ń ṣiṣẹ́ ló mú jáde. Mo dúró lójú fèrèsé. Ó lu orúnkún ọmọ náà títí mo fi gbọ́ tó fọ́, mi ò parọ́, mo gbọ́ ọ nínú ilé. Ọmọ náà ń pariwo pé ilé ni òun wá wò, pé agent ni òun ń dúró dè, ìyàwó òun lóyún, àwọn fẹ́ kó wá sí Òkókó. Ilé ló wá wò. Òótọ́ ló sọ, agent dé lẹ́yìn náà, ó ti pẹ́ jù. Ọkọ mi wọlé, ó fọwọ́, ó bèèrè èbà. Mo tẹ èbà fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Tóyìn. Láti ọjọ́ yẹn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, láàárín ìsìn ní ẹ̀ka ìjọ wa tó wà níbí, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ṣubú. Èjìká òsì ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ó ní òun rí ilé Àǹtí ní Ìbà, òun rí adìẹ, Olúwa ní ibẹ̀ ni òun ti pèsè ibùgbé fún ìránṣẹ́ òun... bí wọ́n bá gbé ibòmíì, igbe ọmọ ni wọ́n máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ mi ni, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Gbogbo ìjọ pariwo haleluyà. Akọ̀wé kọ ọ́.

Àmọ́ ìran ọmọdé kì í dá dúró, àgbà aríran gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Ṣẹ́ẹ́pẹ́ẹ̀dì, olórí ìjọ wa, ní èmi ni kí n gbàdúrà sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n wá sọ lọ́jọ́ Sunday bóyá Ẹ̀mí ni àbí irọ́. Ọkọ mi ní tí mo bá ní Ẹ̀mí ni, ọjọ́ náà la máa kó. Tó bá jẹ́ irọ́, ó ní òun fúnra òun ló máa fi ẹgba yọ ẹ̀mí irọ́ lára ọmọ òun níwájú pẹpẹ. Mo sì ti rí ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe.

Tí mo bá ní òótọ́ ni, a ti bọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi á mọ̀ títí ayé pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí mo bá ní irọ́ ni, ẹgba ni fún un, inú ilé yìí náà la ó sì wà. Tí mo bá jẹ́wọ́ tèmi ńkọ́? Ọkùnrin tó fọ́ orúnkún ọmọ ọlọ́mọ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, kí ló máa ṣe fún mi? Kí ló máa ṣe fún ara rẹ̀? Ojú Ayọ̀ ńkọ́, ta ni màá ní ó fọ́ ọ?

Àná ni mò ń di irun Tóyìn, mo rọra bi í bóyá ó rí ìran yẹn lóòótọ́. Ó yíjú sí mi, kò bínú, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní, "Mummy, ṣé ẹ̀yin rí tiyín?"

Mo di irun náà tán. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sọ ohunkóhun fún bàbá rẹ̀, bí mo ṣe ní kó má sọ lọ́jọ́ tí mo ra bisikíìtì. Òní ti di Thursday, ẹ̀yin èèyàn mi... tó bá ṣe ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀, kí lẹ máa sọ lọ́jọ́ Sunday?