Bí Mo Ṣe Dógò ti Ọ̀gá Mi Àtijọ́

Olóòtú ètò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Èmi ni mo mú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ wárìrì. Ó dáa, ojú rẹ̀ kàn rọ̀ díẹ̀ ni.

Aráyé ń ná owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, òun kò san owó oṣù mẹ́ta tí mo fi ṣọ́ géètì rẹ̀. Mo ká ẹní, mo lọ dógò sí pálọ̀ rẹ̀ bíi ti àwọn bàbá wa: n kò ní dìde níbẹ̀ àfi bó bá san gbèsè mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé."

Mo ní, "Ilé wo? Ọ̀dọ̀ yín ni mo kó wá."

Ó sanwó, ara tù mí. Ìyàwó mi ń pè mí ní akọni káàkiri Òṣòdì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un? Ìyá ọ̀gá, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló bá mi ní pálọ̀ tó bi mí bóyá mo ti jẹun, ni mo bá bú sẹ́kún. Òun ló ní kí ọmọ òun sanwó mi.