Èènì Tó Wà Nínú Àwo Fíìmù

Ọmọ mi àtàtà,

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, mo máa ń ṣí aṣọ funfun tí mo fi bo tẹlifíṣọ̀n, màá gbọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà, màá sì ká a jọ. Màá wá fi etí ìró mi nu ojú tẹlifíṣọ̀n láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí bí mo bá nù ún láti ẹ̀gbẹ́, ńṣe ni eruku kàn máa ń ṣí kúrò níbì kan lọ síbòmíì. Lẹ́yìn náà ni màá yọ àwo fíìmù tí o fi ránṣẹ́ nínú páálí rẹ̀, màá fi ìka dì í mú létí bí ẹni mú ẹyin, màá mí sí i lára, màá fi ibi tó rọ̀ lára gèlè mi nù ún, màá wo ojú ara mi nínú rẹ̀ díẹ̀, kí n tó dá a padà. Mi ò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ni mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń fọ gbogbo àwo, tí mo dojú rẹ̀ dé sórí apẹ̀rẹ̀ kí omi lè ro kúrò lára rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò bínú.

Iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe tán báyìí tí mo fi jókòó láti kọ̀wé sí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ò yọ ọ́ lẹ́nu? O ò ní ṣìnà, o ò ní pàdé aburú, ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, ẹsẹ̀ rẹ yóò yá débẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ kan tó dùbúlẹ̀ níbi tó yẹ kó dúró, ó rẹ̀ ẹ́ ni, jẹ́ kó sinmi.

Ilé dára. Òrùlé tó ń jò lápá ibi ìdáná, èmi àti ẹ̀ ti parí ìjà: mo gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀, òun náà ń rọ omi sínú ìkòkò, kálukú ń ṣe tirẹ̀. Adìyẹ tí mo bá nínú ilé ṣì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè pé ta ló mú mi wá. Bí àwọn ará abúlé náà ṣe ń wò mí nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti kó wá sínú ilé tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún mi, “Àlejò” ni gbogbo wọn ń pè mí. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Wọ́n ń kí mi, mo sì ń dáhùn, ṣùgbọ́n o mọ ohùn ìyá rẹ, kì í kọjá ètè. Ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí Tíṣà bá ní kí n kàwé, màá kà á tán, yóò wá ní, “Ìyá, a ti ṣetán o, ẹ máa kà á.” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì jókòó. Àmọ́ ojú mi kì í dákẹ́ bí ẹnu mi. Mo mọ ẹni tó ń fi ìwé bojú sùn, mo sì mọ̀ pé ṣòkòtò kan náà ni Tíṣà ń lọ̀ lójoojúmọ́ tó fi ń dà bíi tuntun.

Obìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń ránṣọ. Aránṣọ náà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Iwájú ló máa ń jókòó sí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó bi mí lójú gbogbo wọn pé, “Àlejò, iṣẹ́ wo lọmọ yín ń ṣe nílùú ńlá tá ò fi rí i kó wá wò yín?” Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀ dáadáa. O rántí ọjọ́ tí o pè mí lórí fóònù, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà tí mo da ìborùn bo orí àti fóònù pa pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ohùn rẹ lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé o wà nínú fíìmù, pé kí n máa retí àwo. Bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni mo ṣe sọ ọ́: “Ó wà nínú fíìmù.” Ọmọ mi, ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo kíláàsì gbọ́ lẹ́nu mi rí láìní kí n tún un sọ.

Nígbà tí àwo dé, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá láti wò ọ́. Tíṣà gbé bẹ́ńṣì kíláàsì wá, Aránṣọ gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání. Ìyá Onírẹsì, tó ń wọn ìrẹsì tà ní oríta, jókòó sórí ibùsùn mi láìbéèrè, ìyẹn sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí ẹni tó bá ti jókòó sórí ibùsùn ẹni kì í ṣe ará ìta mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi na rìmóòtù sí tẹlifíṣọ̀n. Mo ti fi ọwọ́ òsì dán an wò tẹ́lẹ̀, kò dá mi lóhùn, ni mo fi mọ̀ pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Fíìmù náà dùn. Ọkùnrin kan gba ilẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ń pe àbúrò rẹ̀ lórí ẹní, àbúrò kò dé títí ẹ̀mí fi bọ́. A sunkún. Ìyá Onírẹsì fi aṣọ ibùsùn mi nu imú. Èmi nìkan ni mi ò lè sunkún tọkàntọkàn, nítorí ìwọ ni ojú mi ń wá. Gbogbo wọn ló ń wá ọ. Bí obìnrin kan bá ti kọjá, Aránṣọ á ní, “Ṣé òun nìyẹn?” Màá ní rárá. “Èyí tó ru igi yẹn ńkọ́?” Rárá. Nígbà tó yá, ó ní, “Àbí òun ni ewúrẹ́ tó sáré kọjá lẹ́ẹ̀kan?” Bẹ́ńṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fún ẹ̀rín. Fíìmù parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń sáré bí èèrà tí omi lé, mi ò rí ọ̀kankan kà. Àwọn èèyàn dìde. Aránṣọ fi àpótí rẹ̀ há abíyá, ó ní, “Àlejò, a dúpẹ́ o. Fíìmù dùn. Ẹ bá wa kí ọmọ yín tó wà nínú ẹ̀.” Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ká ní ó pariwo ni, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Onírẹsì nìkan ló kù, torí ó ní bàtà òun kan ti wọ abẹ́ ibùsùn. Bó ṣe ń fi ìgbálẹ̀ wá a, mo gbé rìmóòtù kí n pa tẹlifíṣọ̀n, mi ò mọ èyí tí mo tẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n yí padà, àwòrán kéékèèké tò síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ wọn, wọn ò sì sáré. Mo fi ìka tọ̀ wọ́n bí Tíṣà ṣe kọ́ wa. Èkíní ní, “Fíìmù.” Èkejì ní, “Èènì.” Bí mo ṣe kà á síta ni Ìyá Onírẹsì yọ orí lábẹ́ ibùsùn, ó ní, “Èènì kẹ̀? Ta ló ń bù ú?”

Mo ní ó jọ pé inú àwo náà ló wà. Ó ní ká pa á. Ó ní òun tó ń wọn ìrẹsì láti ìgbà ọmọge òun mọ ohun tí ń jẹ́ èènì: ìdí àpò ni wọ́n ti ń bù ú, èyí tó fọ́, èyí tó ní òkúta, tí wọ́n fi ń tu oníbàárà lójú kó lè rò pé wọ́n fẹ́ràn òun. “Kò sẹ́ni tó ń fi èènì se oúnjẹ, Àlejò.” Mo ní kó jẹ́ ká tọ́ ọ wò. Ó ní, “Tó bá jẹ́ òkúta, eyín yín ni o.”

Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ọkùnrin tó kú. Ó nà gbalaja, wọ́n ń sunkún lé e lórí, eṣinṣin bà á nímú, òkú sì sín. Ó dìde jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Inú bí Ìyá Onírẹsì. Ó ní, “Ṣé òkú yìí ni mo tìtorí ẹ̀ ba aṣọ ibùsùn yín jẹ́?” Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé kí ọkùnrin náà dá omijé òun padà. Inú tèmi dùn pé ó yè. Bá mi kí i, kó má sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́, ikọ́ tó ń hú nínú fíìmù ò dún bí eré létí mi.

Wọ́n tún fi ibì kan hàn wá tí wọ́n yọ kúrò nínú fíìmù. Àbúrò dé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó dárí jì í. Ta ló yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dànù? Ìyá Onírẹsì ní bóyá àwo ló kún. Jọ̀ọ́, bi ọ̀gá yín léèrè bóyá ẹ̀gbọ́n náà ti gbọ́ pé wọ́n dárí ji òun, torí nínú èyí tí gbogbo ayé rí, ó kú láìmọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fíìmù tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tí a ò rí ń sọ̀rọ̀ lé àwọn èèyàn inú rẹ̀ lórí, ó ń ròyìn pé ibí yìí ni òjò ti ká àwọn mọ́, ibí yìí ni oúnjẹ ti pẹ́ dé. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ wọn.” Kò dákẹ́. Ìyẹn nìkan nínú èènì náà ni mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó wò.

Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n kọ “Bí A Ṣe Ṣe É” sí. Yàrá tí ọkùnrin náà kú sí ni, ṣùgbọ́n ògiri kan kò sí níbẹ̀, iná ńláńlá ló dúró síbi tó yẹ kí ògiri wà, okùn dúdú kún gbogbo ilẹ̀. Ẹnì kan dúró lórí àpótí, ó gbé ọ̀pá gígùn kan ga sókè orí àwọn tó ń sunkún, nǹkan onírun kan wà lẹ́nu ọ̀pá náà bí ológbò tó ń sùn. Ẹni náà fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú. Mo mọ ètè yẹn. Bí o ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn, tí o bá ru omi tó kún dé etí, tí o ò fẹ́ kó dànù.

Mo kígbe pe orúkọ rẹ. Ìyá Onírẹsì ní ajá ilé kejì dáhùn.

Ó bi mí pé èso wo lo ń ká nínú yàrá. Ọ̀gá yín ló dá a lóhùn látinú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní inú nǹkan onírun yẹn ni ohùn gbogbo wọn ń gbà wọlé, pé irun yẹn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jí ohùn gbé. Ó ní, “Ẹ ò ní rí ọmọ yìí nínú fíìmù, torí tí ẹ bá rí i, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tọ́wọ́ ẹ̀ bá rẹ̀, gbogbo wa dodi.” Mo sọ fún Ìyá Onírẹsì nípa ìborùn tí mo máa ń dà bo fóònù, pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí, ilé wa ló ti wá. Ó wò mí, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “Ìyá tá a kì í gbóhùn ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ló wá ń gbé ohùn ayé dání.” Ó rẹ́rìn-ín títí, kó tó mọ̀ pé orí bàtà tó ń wá lòun jókòó lé. A tún ibẹ̀ wò títí agbára fi tán nínú bàtìrì rìmóòtù.

Ìyá Onírẹsì gbé ìròyìn dé kíláàsì kí n tó dé. Aránṣọ ò gbà. Ó ní, “Èènì kì í ṣe fíìmù. Ẹni tó wà nínú èènì ò sí nínú fíìmù.” Kíláàsì pín sí méjì. Tíṣà ní bí fíìmù bá ti parí lójú òun, ó parí náà nìyẹn, pé ẹni tó bá ń yọjú sí ilé ìdáná jù kì í gbádùn oúnjẹ. Ìyá Onírẹsì, ẹni tó ní kò sẹ́ni tó ń fi èènì se oúnjẹ, ló dìde o. Ó fa aṣọ tí Aránṣọ rán tán kúrò lórí itan rẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta, ó na òwú rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ó ní, “Ta ló ń rí òwú yìí lójú òde? Ẹ jẹ́ n tú u, ká wo ohun tó máa kù lọ́rùn ẹni tó ni ín.” Aránṣọ gba aṣọ rẹ̀ padà. Ó wo òwú náà pẹ́. Ó wá yíjú sí mi lẹ́yìn, ó ní, “Ọ̀pá yẹn, ṣé ó máa ń gbé e sókè bẹ́ẹ̀ pẹ́ ni? Apá kì í dùn ún?” Mo ní mo rí i tó ń gbọ̀n. Ó ní, “Ẹ ní kó wálé kí n wọ̀n ọ́n. Màá rán aṣọ tí èjìká ẹ̀ nípọn fún un. Ṣùgbọ́n ojú mi ni màá fi rí i kí n tó gbà o.” Nítorí náà gbogbo wọn tún ń bọ̀ lọ́la, Ìyá Onírẹsì á sì yá mi ní bàtìrì.

Wọn ò pè mí ní Àlejò mọ́. Ìyá Ológbò ni wọ́n ń pè mí báyìí.

Ọmọ mi, nǹkan dúdú tó bo etí rẹ méjèèjì nínú àwo náà, ṣé òtútù ìlú ńlá ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lágbárí. Bẹ ọ̀gá yín kó wá ẹni tí yóò máa bá ọ gba ọ̀pá yẹn, kí o lè máa jẹun lásìkò, torí o ti rù. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtìrì àti páànù òrùlé, kí díẹ̀ sì ṣẹ́ kù tí màá fi ra bẹ́ńṣì, torí ti Tíṣà yẹn ti ń ké. Bí kò bá sí, ìwọ gan-an máa bọ̀, ibùsùn mi gba ẹni méjì. Apá rẹ kò ní rẹ̀. Ohun tí o bá gbé sókè kò ní já bọ́. Afẹ́fẹ́ kò ní gbé ohùn rẹ lọ, bí o bá sì pe ire, ire yóò gbọ́.

Lọ́la, kí wọ́n tó dé, màá nu ojú tẹlifíṣọ̀n láti òkè wá sísàlẹ̀. Èènì ni màá kọ́kọ́ fi sí i, ẹni tó bá fẹ́ fíìmù lè dúró dè é. Iwájú ni màá jókòó sí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, èmi ni màá dìde kà á fún àwọn tó wà lẹ́yìn, Tíṣà ò sì ní ní kí n tún un kà.

Èmi ni ìyá rẹ.