Ilé Tí A Fi Okùn Wọ̀n fún Bàbá

Ìyá mi àtàtà,

Ilé ti parí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Ilé ti parí, a ti kó wọ inú rẹ̀, Bàbá sì ń rìn nínú rẹ̀ bí ọba nínú ààfin.

Nígbà tí ẹ wà láyé, a kò mọ bí ojú Bàbá ti bàjẹ́ tó. Ẹ̀yin lẹ bá wọn bò ó. Ẹ máa ń ṣíwájú wọn, bí ẹ bá sì dé ibi tí ilẹ̀ ti ga lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rọra wúkọ́, àwọn náà á gbé ẹsẹ̀ sókè. Èmi rò pé òtútù ló ń mú yín ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Ìgbà tí ẹ lọ tán ni àṣírí tú. Bàbá fẹsẹ̀ kọ, wọ́n ṣubú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fìdí mọ́ àga. Ẹni tó ń dá lọ oko kòkó kí ìrì tó gbẹ wá di ẹni tí à ń fà lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀yìn. Mo tiẹ̀ ṣàkíyèsí pé wọ́n ti dín oúnjẹ kù, nítorí kí wọ́n má baà máa pe ẹnikẹ́ni kó wá mú wọn jáde. Ṣé ẹ mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í fẹ́ sun ilé ẹlòmíràn?

Lọ́dún tó kọjá, òjò wó ògiri ẹ̀yìn ilé wa àtijọ́. Bùrọ̀dá mi Délé, tí wọ́n ti di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn báyìí, ní kí a má wulẹ̀ tún un ṣe mọ́, kí a kọ́ tuntun. Wọ́n mú pláànù wá bá wa nílé ní Akínyẹlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni. Pálọ̀ ńlá wà nísàlẹ̀, yàrá Bàbá wà lókè pẹ̀lú fáráńdà tó kọjú sí títì. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn pátápátá, balùwẹ̀ àti ṣálángá sì wà lẹ́yìn ìyẹn.

Mo bi wọ́n léèrè, "Bùrọ̀dá mi, báwo ni Bàbá yóò ṣe máa dé ilé ẹ̀yìn?"

"Ẹnì kan á máa mú wọn sọ̀ kalẹ̀. Àbí Bàbá tiwa ni kò yẹ kó gbé pẹ́tẹ́ẹ̀sì?"

Ẹ mọ ọmọ yín. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣèlérí ilé alókè fún ẹ̀yin àti Bàbá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ohun tó sì mú kí ó ṣòro fún mi láti ta kò wọ́n nìyẹn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níléèwé tí mo ń gbé. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé kan dára, kí wọ́n má wo òde rẹ̀, kí wọ́n rin ìrìn ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀: láti ibùsùn dé ibi ìwẹ̀, láti ìdí iná dé ibi oúnjẹ. Mo wá bẹ Ráímì bíríkìlà, ará Mọ́níyà, pé kó kan èèkàn sórí ilẹ̀ náà, kó ta okùn sí i ní ìwọ̀n ìbàdí, bí pláànù ìsàlẹ̀ ti rí gẹ́lẹ́, kó sì fi àlàfo sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀kùn. Mo ní ká tilẹ̀ gbàgbé ti òkè ná, ká ṣe bí ẹni pé yàrá ìsàlẹ̀ ni Bàbá ń sùn. A gbé àga sí ibi tí pálọ̀ yóò wà. Èmi gbé ìkòkò dání, mo di alásè. Bàbá fi ọwọ́ kan okùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Wọ́n fi orúnkún gbá àga. Wọ́n ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n sì fi máa rí ọ̀nà ẹ̀yìn, inú ilé ìdáná nìkan ló gbà kọjá. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni èmi àti Bàbá ti pàdé, tèmi tìkòkò, kò sí ẹni tó lè yà fún ẹnì kejì.

"Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Níbo ni iná wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún yín, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ilé tó dára ni. Àmọ́ àlejò lẹ kọ́ ọ fún."

Ìyá mi, ẹ̀rù bà mí pé Bùrọ̀dá mi yóò bínú lọ. Wọ́n wo Bàbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ kóòtù wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa èèkàn àkọ́kọ́ tu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rìn lọ síbi tí ẹsẹ̀ yín bá fẹ́. Àwa la ó máa gbé okùn tẹ̀ lé yín."

Bí a ṣe ya ilé náà nìyẹn. Bàbá ń rìn, àwa ń kan èèkàn. Yàrá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáráńdà. Ọ̀nà tóóró kan lọ tààrà láti ẹnu ọ̀nà wọn dé balùwẹ̀, kò gba inú pálọ̀, kò gba ìdí iná. Gbogbo ilẹ̀ ilé tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ilẹ̀kùn kankan kò ṣí sójú ọ̀nà. Ilé ìdáná ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ibi tí à ń kó oúnjẹ pamọ́ sí wà láàárín òun àti ibi tí à ń jẹun, fèrèsé rẹ̀ sì tóbi tó láti tú èéfín síta. Nígbàkigbà tí mo bá ń dáná níbẹ̀ ni mo máa ń rántí ojú yín tó máa ń pọ́n nínú èéfín, ó sì máa ń dùn mí pé ẹ̀yin kò dáná níbẹ̀ rí, ká tiẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Kò lókè mọ́ o. Àwọn kan ní àdúgbò ń sọ pé akọ̀wé Ìbàdàn kò lè kọ́lé dé òkè. Bùrọ̀dá mi kàn rẹ́rìn-ín ni. Bí àlejò bá dé, wọn kì í tètè mú un jókòó sí pálọ̀, ọ̀nà tóóró yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn án, wọ́n á nawọ́ sí i bí ẹni tó ń fi ìyàwó tuntun han ẹbí. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé ẹ bí Bùrọ̀dá mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ti iléèwé wá nínú oòrùn, n kò ránṣẹ́ ṣáájú. Bàbá nìkan ló wà ní fáráńdà. Wọ́n dá ìró ẹsẹ̀ mi mọ̀ kí n tó kúnlẹ̀. Mo fẹ́ wọlé lọ bu omi mu, wọ́n ní, "Jókòó." Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, ọwọ́ wọn kò kan ògiri. Mo gbọ́ ìró ọmọrí àmù. Nígbà tí wọ́n jáde, ife omi kún lọ́wọ́ wọn.

"Gbà. O ti rìn jìnnà."

Mo tún kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba omi lọ́wọ́ bàbá mi, mo sì mu ún tán.

Ẹ sùn ire, ìyá mi. Ara ọkọ yín le, ọkàn àwa ọmọ yín sì balẹ̀.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín kan ṣoṣo, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.