Èédú Tó Gbé Kòkúmọ́ Mì

Ọjọ́ Ajé, 2 Máàṣì 2026
Ààrò dé lónìí. Kíréènì ló gbé e wọ ọgbà iṣẹ́ wa ní Sanguéra. Jàmíù, tí yóò máa dáná sí i, ń fò bí ọmọdé: "Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀, ẹ̀rọ gidi rèé!" Lóòótọ́ ni. Ọ̀kánjúwà ni mo sọ ọ́ — iná mànàmáná tó ń jẹ!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Máàṣì
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ọkàn mi á balẹ̀. Nígbà tí ibùdó epo kan jóná ní Légbassito, fọ́ọ̀mù panápaná, tó ń hó bí ọṣẹ, ni wọ́n fi paná rẹ̀. Fọ́ọ̀mù wọlẹ̀, ó dé inú kànga. Kẹ́míkà inú rẹ̀ kì í jẹrà. Oòrùn ò pa á, sísè ò pa á. Èmi ń pè é ní Kòkúmọ́.

Omi ẹ̀rọ tí à ń fún àwọn ará ibẹ̀ ń gba inú èédú kọjá, èédú á mú Kòkúmọ́ dání. Ṣùgbọ́n èédú máa ń yó. Àgbá èédú tó ti yó ti kún ọgbà dé ẹnu géètì. Iná ààrò, tó bá ju ẹgbẹ̀rún digírì lọ, ló lè fọ́ Kòkúmọ́ túútúú. Bí iná bá rẹlẹ̀, kò ní kú, á kàn bá èéfín fò lọ. Èéfín ààrò sì jẹ́ ásíìdì tó ń jó ara — omi ẹfun la fi ń fọ̀ ọ́ kó tó jáde.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì
Florence, ọ̀gá wa, pè wá jọ. Bí ààrò bá ṣiṣẹ́, àwọn òyìnbó tó ń ràn wá lọ́wọ́ á tún fi èédú tuntun ránṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ omi á di títì. "C'est tout," ló wí, ó parí nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Máàṣì
Ooru. Ọ̀túnla la ó dáná sí ààrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Máàṣì
A dáná lónìí. Iná ti gòkè dáadáa, a ti ń rẹ́rìn-ín. Ni mànàmáná bá lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dún. Ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín dákẹ́, èédú sì ń pọ́n nínú ààrò. Mo ké: "Jàmíù, jáde!" Ó jáde — ó tún padà wọlé lọ dí ojú ihò èéfín, kí èéfín má bàa dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé kejì. Ìbòmú eruku lásán ló wà lójú ẹ̀. Ìbòmú gidi — Florence ní ó ń bọ̀.

Ó ń wúkọ́ nígbà tó jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. "Kò ṣe nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́rú, 11 Máàṣì
Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bó nínú. Jẹ̀mílátù, ìyàwó rẹ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún. Ó bi mí pé ṣebí èéfín èédú lásán ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Máàṣì
Ẹ̀rọ ló ń bá a mí.

Ọjọ́ Ajé, 16 Máàṣì
Jàmíù ti lọ. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Jẹ̀mílátù di ọwọ́ mi mú. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ọjọ́bọ̀, 26 Máàṣì
Èsì àyẹ̀wò dé. Omi òjò orí òrùlé ilé kejì: Kòkúmọ́ wà níbẹ̀. Kí Jàmíù tó fọwọ́ kan ihò yẹn ló ti fò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Máàṣì
Àwọn òyìnbó ti fọwọ́ kúrò. Florence sunkún lójú mi, ó wá na kọ́kọ́rọ́ sí mi: kí n lọ ti ẹ̀rọ omi Légbassito. Àwọn àgbá èédú ńkọ́? Ó gba àárín wọn jáde lọ.

Ọjọ́ Ajé, 30 Máàṣì
Mo tì í. Mo yà sọ́dọ̀ Alice, ìyá tó ń bá wa ṣọ́ ẹ̀rọ omi. Kí n tó jókòó ó ti bu omi wá, bí wọ́n ti ń ṣe fún àlejò níhìn-ín. Omi kànga. Mo ní, "Màmá, kànga yìí ò tíì dára o."

"Kí la ó wá máa mu, Tántì?" Bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí nìyẹn.

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń retí kí n dá òun lóhùn. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà ń wò mí.

Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà lápò mi, omi mìíràn ò sí: mo gba ife náà. Omi tútù. Mo mu ún tán.