Ilé Tí A Fẹ́ Tà, Bàbá Ọkọ Mi Ṣì Wà Níbẹ̀

Ilé tí a fẹ́ tà, òkú wà nínú ọgbà rẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á ò sì mọ̀. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà èmi àti ọkọ mi, "ibẹ̀ yẹn" la máa ń pè é. Àdímíìnì, ẹ bá mi bo orúkọ mi dáadáa o, torí Ìwó ò tóbi, àwọn ẹbí ọkọ mi sì wà lórí péèjì yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kà á tán. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí la fẹ́ buwọ́ lùwé, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́...

Èmi gan-an ni mo fà á. Ilé tí à ń gbé yìí, ọkọ mi ló kọ́ ọ kó tó fẹ́ mi. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, ìta ni ilé ìdáná wà, kànga ẹ̀yìnkùlé sì máa ń gbẹ tí ọyẹ́ bá ti mú. Ìyá ọkọ mi ló ń gbé yàrá kejì, àwọn ọmọ mi tó ti di géńdé ń sùn ní pálọ̀. Ó sú mi. Ni mo bá pe éjẹ́ǹtì kan pé kó máa fi ilé hàn mí, pé mo kàn fẹ́ máa wò ó lásán ni... wíwò lásán! A gun ọ̀kadà káàkiri Ìwó, a dé ọ̀nà Olúpọ̀nnà, títí a fi dé ilé kan tó ní yàrá mẹ́rin, táìlì ń dán nílẹ̀. Mo wọ kíṣíìnì rẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi, omi sì yọ. Ẹ̀yin obìnrin tó ti ń fa omi kànga láti ọjọ́ tó pẹ́, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Orí mi dàrú níbẹ̀ yẹn. Onílé ní ẹlòmíràn ti ń fẹ́ ẹ, ká san apá kan sílẹ̀, ká sì san ìyókù kí Iléyá tó dé, pé tí Iléyá bá bá a láìsan, a ti pàdánù owó wa nìyẹn. Ọkọ mi ní ká ta tiwa ná. Mo ní kí la tún ń dúró ṣe, kí a tó ta tiwa, ẹni ẹlẹ́ni á ti kó wọbẹ̀. Mo rojọ́, mo sunkún, mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ó kó gbogbo owó tí a ní san sílẹ̀ fún onílé. Mo gbọ́ tòjò, mo da omi agbada nù.

Ó wá ku kí a ta èyí tí à ń gbé. Ẹ̀yin Yorùbá ẹgbẹ́ mi mọ bí àṣà wa ṣe rí. Alfa ni bàbá ọkọ mi, wọ́n kọ́ ọmọ tó pọ̀ ní kéwú ní àdúgbò yìí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì kú sí. Ẹ̀gbẹ́ ilé lápá ọ̀tún, lábẹ́ fèrèsé Ìyá, la sin wọ́n sí. Lọ́jọ́ náà, lójú gbogbo ẹbí, ọkọ mi ṣe ìlérí fún Ìyá pé tí ọjọ́ bá pé, ẹ̀gbẹ́ Bàbá la máa tẹ́ wọn sí. A fi àyè sílẹ̀. Gbogbo Iléyá ni àwọn ẹbí máa ń wá láti Ilé-Ogbó wá ṣe àdúà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló máa ń ṣáájú wọn. Ìyá ní tiwọn, ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, òjìji èèyàn nìkan ni wọ́n ń rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kírun Àsárì, wọ́n á fọwọ́ tọ ara ògiri lọ jókòó sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yẹn, wọ́n á máa ròyìn fún Bàbá. Ohun tí a jẹ, ẹni tó wá kí wa, bí mo ṣe ń da ata sí ọbẹ̀ jù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rò.

A ò sọ fún Ìyá pé a fẹ́ ta ilé. A ní tó bá parí tán, a máa wá bí a ṣe máa sọ ọ́. Àwọn tó bá wá wo ilé, a máa ń sọ fún Ìyá pé wọ́n wá kí wọn ni. Ọlọ́run dárí jì mí. Ìyá á ṣàdúà fún wọn, wọ́n á bi wọ́n léèrè ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n á wá fúnra wọn fa èèyàn lọ́wọ́ pé kó wá kí Bàbá... Yéè! Ẹni tó bá ti rí sàréè, á ní òun ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò padà bọ̀ nínú wọn.

Iléyá ń sún mọ́lé. Éjẹ́ǹtì wá ní kí a bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi mú bíríkìlà wá, wọ́n fọ́ etí sàréè, wọ́n da kọnkéré bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. A sọ fún Ìyá pé àgbàrá ló ń wọ́ ibẹ̀ lọ, à ń tún un ṣe ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ìyá kúnlẹ̀? Wọ́n kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n ní bí a ṣe tún ilé Bàbá ṣe yìí, àwọn ọmọ tiwa náà á tún tiwa ṣe. Mo ṣe àmín. Ẹnu mi yìí, mo fi ṣe àmín! Láti ọjọ́ náà, ara mi ò balẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni kọnkéré yẹn là. Kì í ṣe pé ó là káàkiri o. Ìlà kan ṣoṣo ni, ó gùn tó èèyàn tó dùbúlẹ̀, ibi tí Bàbá wà gan-an. Ọkọ mi po sìmẹ́ńtì, ó dí i. Ó tún là. Ó ní ilẹ̀ ló ń rì, pé kí n yéé wo òun bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò gba ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjá mọ́, tí mo bá fẹ́ lọ sí kànga, mo máa ń yí gbogbo ilé po ni.

Ẹni tó wá fẹ́ rà á yìí, tíṣà ni, onítẹ̀bọmi ni òun àti ìyàwó rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ra búrẹ́dì wá fún Ìyá, mo sì fi Ìyá jókòó tì í ní pálọ̀, kí Ìyá má baà fa àwọn àlejò lọ kí Bàbá. Ilé wù wọ́n. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun máa tún ṣe ni sọ́kàwéè, pé kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa sún mọ́ kànga jù, òun máa gbẹ́ tuntun. Ó ń rìn yí ilé po, ó ń wo ilẹ̀, ó wá débẹ̀ yẹn. Ó rí ìlà tó là yẹn, ó fi gìgísẹ̀ kàn án, ó ní ilẹ̀ ibí rọ̀, pé kò ní í nira láti gbẹ́, ibẹ̀ lòun máa gbé e sí. Ọkọ mi mi orí pé ó dáa. Ẹ gbọ́ o, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbẹ́ kòtò ìgbẹ́ sórí bàbá tó bí i, ó sì mi orí! Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní ká sọ fún wọn. Ó ní ṣé èmi tí mo fi ẹkún mú òun san owó sílẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ òun ní òtítọ́ báyìí?

Ìyá náà ti yí padà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àjèjì ti pọ̀ jù nínú ọgbà. Wọ́n ní táwọn bá ń ròyìn fún Bàbá báyìí, ńṣe ló dà bíi pé àwọn ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí, òní ló ṣẹlẹ̀. Tíṣà rán ẹni tó ń gbẹ́ kòtò pé kó wá wọn ilẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìdáná ni mo wà, ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Mo gbọ́ ohùn Ìyá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo jáde. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn àti èèkàn, Ìyá ti sún àga wọn sẹ́yìn fún un, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kó lè ráyè na okùn. Ó ti sọ fún wọn pé wọ́n ní kí òun wá wọn ibi tí òun máa gbẹ́. Ìyá rò pé tàwọn ni. Wọ́n rò pé ọmọ àwọn ń mú ìlérí ṣẹ. Wọ́n ń ṣàdúà fún un, wọ́n ní kó má jẹ̀ẹ́ kó gùn jù, àwọn ò ga, pé kó sì rọra, kó má gbẹ́ ẹ sún mọ́ Bàbá jù, kí ilẹ̀ má baà ya lù wọ́n. Wọ́n fi ọ̀pá wọn wá ilẹ̀ kiri títí ó fi kan ìlà inú kọnkéré yẹn. Wọ́n ní, "Bàbá nìyí, èmi rèé."

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó ká okùn rẹ̀, ó fa èèkàn tu, ó jáde, kò sì kí mi.

Tíṣà ti ń pè mí láti ìgbà yẹn. Mi ò gbé e. Ọkọ mi ò gbé tèmi náà. Ìyá ti wẹ̀, wọn ò jẹun, wọ́n ní kí n bá àwọn yọ aṣọ funfun inú àpótí, pé ilẹ̀ tí wọ́n bá ti wọ̀n de èèyàn kì í pẹ́ kó tó pe ẹni tó ni ín, àwọn ò fẹ́ kí Bàbá máa retí. Wọ́n sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin alfa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé tàbí ta ilé rí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbé fóònù tíṣà kí n jẹ́wọ́, kí owó wa sì lọ? Ṣé wọ́n lè hú òkú alfa kí wọ́n tún un sin síbòmíràn? Kí la fẹ́ sọ fún àwọn ará Ilé-Ogbó lọ́jọ́ Iléyá? Àbí kí n kọ́kọ́ wọlé lọ sọ fún Ìyá pé kòtò tí wọ́n wá wọ̀n yẹn kì í ṣe tiwọn... kí n sì sọ ohun tó wà fún? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá tún ti ń pè mí nínú yàrá, wọ́n ní aṣọ náà dà.