Iṣẹ́ Gbére àti Igi Obì Mẹ́ta

Zubaidah ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, á ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ, kò ní jẹ́ kí ojú tì wá. Àgbàdo wa ti ń so, ewúrẹ́ sì ti jẹ nínú rẹ̀. Tíṣà Dàpọ̀ tó ti fẹ̀yìntì ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti sọ fún wọn kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún un.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù, pé wọ́n fẹ́ pa iṣẹ́ gbére rẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí o ti ń kọ́ni, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan máa tọrọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Bí ìṣákọ́lẹ̀ tí à ń san fún onílẹ̀ lọ́dọọdún ni. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n á ní kó gbin àgbàdo, kó gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi, torí bí igi rẹ̀ bá ti so, lílé e kúrò á di ìjà. Nítorí náà mo fi ọmọ igi obì mẹ́ta rán awakọ̀ sí ọ. Gbìn wọ́n sẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ kí ọ̀gá yín tó mọ̀. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in, wọn ò dáko rí.

Mi ò ní purọ́ fún ọ ṣá. Nọ́ọ̀sì tó ń sùn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá rẹ, iṣẹ́ gbére ló ń ṣe. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè lé e. Ọdún mọ́kànlá rèé tí Mùsílímátù ìyá rẹ ti wà nínú ilẹ̀, obìnrin yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń sọ pé ẹni tí a ò lè lé máa ń ya ọ̀lẹ, wọn ò purọ́.

Síbẹ̀, gbin igi náà, torí ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun lọ́la kò lè sọ òótọ́ lónìí. O ní ọ̀gá yín fẹ́ kí o fún ọmọ olówó kan ní máàkì kó lè yege, ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ bọ́. Má fún un. Ẹnì kan ló fún nọ́ọ̀sì ìyá rẹ ní máàkì. Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ wálé, yàrá ìyá rẹ ṣófo.

Ọlọ́run á fi ẹ̀yìn rẹ ti ohun tí kò ní yẹ̀. Orúnkún ń dùn mí, fi owó oògùn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé máàkì yẹn ló máa mú owó náà wá, jẹ́ kó máa dùn mí.

Èmi bàbá rẹ,
Sàníù, Akínyẹlé.